Ká Tó Kó Owó Wa Lé Ṣíà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Ohun tí ó mú wa dìde lónìí ni pé àwọn kan ń wọ inú ọgbà iṣẹ́ àti gáréèjì kiri, wọ́n ń rọ àwọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì pé kí wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì wọn ra ṣíà. A kò sọ pé ṣíà kò dára. Ẹni tí ó ra ṣíà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́, bí ìpín rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tà á fún yín ń jẹ lààdá tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ìbáà yè, ìbáà kú. Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹ ní kí ó mú ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà wá, ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ìwé yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun náà ni a máa ń kà kí a tó bá àwọn ọ̀gá jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù. Bí wọ́n bá ní kò sówó, a ó ṣí i, a ó fi ìka tọ́ ibi tí owó wà. Ojú tí a fi ń wò ó lọ́jọ́ náà ni kí a fi wò ó lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ra ṣíà. Òfin Nàìjíríà mú un ní dandan fún gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ṣíà wọn wà lọ́jà láti gbé e jáde lọ́dọọdún. Èyí tí kò bá gbé tirẹ̀ jáde lásìkò ti sọ nǹkan fún yín ná.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré lọ sí ibi tí a kọ èrè sí. Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ wo gbèsè. Èló ni? Ta ni wọ́n jẹ? Owó ìlú wo ni wọ́n fi máa san án? Ní ọdún 2023, Nestlé Nigeria ta ọjà tí ó lé ní 540 bílíọ̀nù náírà. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ mú èrè tí ó lé ní 120 bílíọ̀nù wá. Síbẹ̀, àdánù tí ó lé ní 79 bílíọ̀nù ni wọ́n fi parí ọdún. Kí ló dé? Gbèsè dọ́là wà lọ́rùn wọn, náírà ni wọ́n sì ń pa. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ti kọjá 900 kí ọdún tó parí, gbèsè sì wú bí àkàrà inú epo gbígbóná. Ọdún 2024 tún jẹ́ ọdún àdánù. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 2025 wọ́n ti padà sí èrè, ṣùgbọ́n ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ dé bá láàárín ọdún méjì yẹn kò lè dúró dè é.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ owó tí ó wọ àpò. Èrè orí ìwé kì í ṣe owó ọwọ́. Bí ìyá olóúnjẹ bá ta àwìn fún gbogbo àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ìwé rẹ̀ yóò fi èrè hàn, àmọ́ ní ọjọ́ Ajé kò ní rí owó ra ìrẹsì. Ojú-ewé kan wà nínú ìwé náà tí ó ń sọ iye owó gidi tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè. Bí èrè bá ń ga lọ́dọọdún, tí owó tí iṣẹ́ mú wọlé kò ga, tí àwìn ọwọ́ àwọn oníbàárà àti ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí sì ń pọ̀ sí i, ẹ fura.

Ọ̀rọ̀ Cadbury Nigeria kò yẹ kó kúrò lọ́kàn wa. Ní ìparí ọdún 2006 ni ó hàn síta pé èrè tí wọ́n ti ń kọ sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kì í ṣe òótọ́. Àbùmọ́ náà lé ní 13 bílíọ̀nù náírà. Àjọ SEC, tí ó ń mójú tó ọjà ṣíà, rí i pé wọ́n ń ti ọjà sọ́rùn àwọn alágbàtà kọjá ohun tí wọ́n lè tà, wọ́n ń sún ìnáwó ọdún kan sínú ọdún mìíràn, ìwé ẹ̀rí ọjà tí kì í ṣe òótọ́ sì wà níbẹ̀. Àwọn ayẹ̀wéwò tí ó lórúkọ ti fọwọ́ sí ìwé wọ̀nyẹn. Ní 2008, àjọ náà bu owó ìtanràn lé àwọn náà lórí.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ẹni tí ó ń kó ẹrù lọ ní oṣù kejìlá, tí ó sì ń kó o padà ní oṣù kìn-ín-ní, ti mọ ohun tí kò sí nínú ìwé. Ẹ ṣọ́ra o: òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi àṣírí ilé-iṣẹ́ ṣòwò ṣíà. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní ká kó owó wa lọ síbi tí ojú wa ti rí i pé kò dára.

Nígbà tí ọjà ṣíà gbóná, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ yá owó àjẹṣẹ́kù láti fi ra ṣíà báńkì, nítorí pé iye rẹ̀ ń lọ sókè. Òṣùwọ̀n ọjà náà kọjá 66,000 ní oṣù kẹta ọdún 2008. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ti já wá sí nǹkan bí 20,000. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Owó àwọn tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò sọnù, wọ́n kó o lọ sí báńkì tuntun. Owó àwọn oníṣíà ni ó lọ. Bí ilé-iṣẹ́ bá wó, oníṣíà ni a ń bu oúnjẹ fún kẹ́yìn, ìkòkò sì sábà máa ń ti gbẹ.

Ẹ má sì kó gbogbo ohun tí ẹ tọ́jú sí ṣíà ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti ń gba owó oṣù. Bí ibẹ̀ bá dojú dé, owó oṣù àti owó ìpamọ́ yóò jọ lọ lọ́jọ́ kan.

Akọ̀wé ẹ̀ka ti gba ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ mẹ́ta. A ó jọ kà wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ń bọ̀. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ bá le fún, a ó máa túmọ̀ rẹ̀ bí a ti ń kà á. Ẹ mú bírò dání.