Ọjà Ìsán àti Ọjọ́ Olúwa

Ọ̀rọ̀ ìrántí tí Katikíìsì àgbà kan bá ìjọ sọ ní ọ̀sẹ̀ Ayẹyẹ Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ayẹyẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ ìtàn díẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ń retí kí n ka orúkọ àwọn tí ó kọ́ ilé ìsìn yìí. Orúkọ wọn ti wà ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé yìí, èmi kò ní tún un kà. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ọjà ni àwọn baba wa mọ̀ ní etí ọ̀sà yìí kí wọ́n tó mọ ìsìn Krístì, láti inú ọjà sì ni ìdánwò ti kọ́kọ́ bá ìjọ wa.

Gbogbo yín ni ẹ mọ Èjìnrìn ní etí ọ̀sà, láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ìlú kékeré ni a ń rí níbẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn baba ńlá wa, ọjà rẹ̀ wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní etí ọ̀sà gbogbo. Níbẹ̀ ni ará oko Ìjẹ̀bú àti ará Èkó ti ń pàdé. Àwọn ará òkè a ru iṣu, gàrí, àgbàdo, epo pupa, ekùrọ́ àti adìẹ sọ̀kalẹ̀ wá. Àwọn ará etí omi a kó ẹja gbígbẹ àti edé wá. Àwọn ará Èkó a sì fi ọkọ̀ kó iyọ̀, aṣọ òyìnbó àti àwo wá. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjà ni ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Nígbà tí èmi wà ní ọmọdé, ọjà náà ti ń dín kù, síbẹ̀ mo rí i tí àtùpà ń tàn ní èbúté títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjà ìsán ni. Kí àwọn ọmọ wa tí kò ka ọjọ́ bí a ti ń kà á mọ́ fetí sílẹ̀ níhìn-ín. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ iye. Bí a bá ná ọjà lónìí, tí a sì ní ọjọ́ kẹsàn-án ni a ó tún ná an, ọjọ́ mẹ́jọ ni òyìnbó yóò kà. Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì ni ìsán kan. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí Bíbélì mú wá jẹ́ ọjọ́ méje. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọjọ́ mẹ́jọ lọ́nà méje jẹ́ 56. Ní ọjọ́ 56 kọ̀ọ̀kan ni ọjà ìsán ń bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi, bí ìgbà mẹ́fà tàbí méje lọ́dún. Kò sí ọgbọ́n tí a lè fi yẹ̀ ẹ́. Bí agogo ìsìn ti ń dún ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń pe èrò.

Ìhìnrere kò tètè wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. ti wà ní Badagry láti 1845, wọ́n sì dé Èkó ní 1852, ṣùgbọ́n àwọn Ìjẹ̀bú pa ọ̀nà wọn mọ́, nítorí pé òwò láàrin òkè àti etí omi ni oúnjẹ wọn. Lẹ́yìn ogun Ìmágbọn ní oṣù May 1892 ni ọ̀nà ṣí, tí àwọn ènìyàn sì ń rọ́ wọ ilé ìsìn àti ilé ìwé. Ẹni tí ó bá ta epo fún ará Èkó lè di ìwé ABD kan mọ́ ẹrù iyọ̀ rẹ̀ bọ̀ wá sí ilé. Ọ̀nà tí ọjà gbà ni ìsìn gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì wá ń bá ara wọn du ọjọ́ kan.

Ìyá mi jẹ́ alájàpá gàrí. Ní ọdún kan, ọjà bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a ó san owó ilé ìwé. Ó ti di àpò mẹ́rin sílẹ̀. Ó jí ní òru, ó kúnlẹ̀ gbàdúrà, ó sì wọ ọkọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìgbìmọ̀ ìjọ ti pè é. Wọ́n dá a dúró ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ka orúkọ rẹ̀ sí etí ìjọ. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta náà, àga ẹ̀yìn ni ó ń jókòó sí, kò sì pa ìsìn ọjọ́ kan jẹ. Ìwé tí mo kà, tí ó sọ mí di Katikíìsì, owó ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó rí irú èyí nínú ilé tí a bí i sí yẹ kí ó kọ́gbọ́n. Èmi kò kọ́ ọ. Nígbà tí a fi mí ṣe Katikíìsì ní ìjọ kékeré kan ní etí omi, opó kan wà níbẹ̀ tí ó ń ta ẹja. Ọjà bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ná an. Ó wí fún mi pé ẹja tútù kò lè dúró de ọjọ́ Ajé. Mo dá a lóhùn pé òfin ìjọ kò mọ opó. Mo ka orúkọ rẹ̀ bí a ti ka ti ìyá mi. Kò padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìkórè lọ́dọọdún, ọmọ rẹ̀ obìnrin a gbé agbọ̀n ẹja yíyan kan wá, a gbé e sí iwájú pẹpẹ, a sì yí padà lọ. Ọdún márùn-ún ni mo lò níbẹ̀, ìgbà márùn-ún ni mo rí agbọ̀n náà. A fi í ṣe gbàǹjo pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn tí ó wà nínú ìjọ; owó rẹ̀ wà lára páànù tí a fi bo ilé ìsìn náà. Ó ń wù mí láti lọ bá a, ojú ń tì mí. Nígbà tí mo pinnu tán, wọ́n ti gbé mi lọ sí ìjọ mìíràn. Nígbà tí mo sì padà wá bẹ ìlú náà wò, wọ́n ti sin ín.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, ṣebí Nehemiah pàápàá ti ilẹ̀kùn Jerúsálẹ́mù mọ́ àwọn ẹlẹ́ja ní Ọjọ́ Ìsinmi? Òótọ́ ni, ó wà ní orí 13. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí 5 kí ẹ tó dé ibẹ̀. Nehemiah ti mú kí àwọn ọlọ́lá dá oko àti ilé àwọn tálákà padà fún wọn, kí ó tó dé ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ó sì dé ibẹ̀, àwọn ọlọ́lá ni ó kọ́kọ́ bá wí. Àwa fi orí 5 sílẹ̀, a gbá orí 13 mú. Bí ìjọ bá ti dáwó jọ, kí a ra ẹja opó náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a bá ti pa Ọjọ́ Olúwa mọ́, a bá sì ti pa opó náà mọ́ pẹ̀lú.

Ọjà ìsán kò ṣẹ́gun wa, àwa náà kò sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 ni ó kọ́kọ́ yí ẹrù òkè padà kúrò ní ọ̀nà ọ̀sà. Ọkọ̀ ẹrù orí títì sì parí èyí tí ó kù. Lónìí, Máìlì 12 ní Èkó ni ọ̀pọ̀ ẹrù oko ń lọ, ojoojúmọ́ sì ni ọjà. Nítorí náà ìbéèrè àtijọ́ kò tíì kú. Nọ́ọ̀sì wà láàrin wa, awakọ̀ wà, ọlọ́dẹ wà, tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ agogo ní Ọjọ́ Ìsinmi. Báwo ni a ó ti ka orúkọ wọn?

Ní ọdún 1843 tí Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, ní ọdún náà gan-an ni Àlùfáà Robert Hawker ti Morwenstow ní ilẹ̀ England pe àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá sí ìsìn Ìdúpẹ́ Ìkórè, èyí tí ó tàn kálẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ yìí ni ọjà àti pẹpẹ ń pàdé láìjà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí àpò ìwé owó gba ipò iṣu àti agbọ̀n ẹja pátápátá, nítorí pé àwọn kan wà tí ohun tí wọ́n gbìn tàbí tí wọ́n pa nìkan ni wọ́n lè fi bá wa sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ìyá mi bá wọn gàrí fún oníbàárà tí òṣùwọ̀n sì kún, yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i: èènì nìyẹn. Kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n èènì ni ó ń mú kí oníbàárà padà wá. Òfin ìjọ wa péye, ẹ má ṣe bù ú kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìjọ yìí lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, ẹ fi èènì sí i.

Kí Olúwa Ìkórè bù kún gbogbo wa. Àmín.