Irin Èéfín Inú Ọkọ̀ Ojú Omi: Bí Ọlọ́kọ̀ Ṣe Lè Pààrọ̀ Rẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Àsọyé fún àwọn ilé ìkàwé abúlé

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí irin méjì kan lára ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í bojú wò títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ba odindi ẹ́ńjìnì jẹ́. Ẹ́ńjìnì tí à ń wí kì í ṣe èyí tí a ń so kọ́ ìdí ọkọ̀, tí ó pọ̀ ní Èkó, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Èyí tí ó jókòó sínú ọkọ̀ gan-an ni, tí ó ń mu bẹntiróòlù, tí ìrísí rẹ̀ sì jọ ti ọkọ̀ ilẹ̀.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ilẹ̀ ní rádíétọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí ó má baà gbóná jù. Ti ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀: omi tí ọkọ̀ ń léfòó lórí rẹ̀ ni ó ń mu. Pọ́ǹpù a fa omi náà wọlé, omi a yí ẹ́ńjìnì ká, lẹ́yìn náà a gba inú mánífóòlù kọjá. Mánífóòlù ni irin gígùn tí ń gba èéfín gbígbóná lọ́wọ́ àwọn sílíńdà. Ògiri méjì ni ó ní: èéfín ń gba inú lọ́hùn-ún, omi sì ń gba àárín ògiri méjèèjì kí irin má baà pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Orí rẹ̀ ni ràísà dúró sí, tí ó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Iṣẹ́ ràísà ni láti gbé ọ̀nà èéfín ga ju ojú omi ìta lọ, kí omi má lè ṣàn padà wọ ẹ́ńjìnì. Ní ẹnu rẹ̀ ni omi àti èéfín ti ń pàdé, tí wọ́n sì jọ ń gba inú rọ́bà ńlá jáde ní ìdí ọkọ̀. Ìdí nìyí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń tu omi pọ̀ mọ́ èéfín.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Ooru, iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n jọ pàdé nínú irin yìí, ìpáàrà kò sì bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti inú ni ó ti ń jẹ ògiri náà. Ọ̀dà ara rẹ̀ níta lè máa dán bí ti ọjọ́ tí a rà á, kí inú rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ bí páálí.

Kì í ṣe gbogbo omi ni ó burú bákan náà. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a máa da omi aláìníyọ̀ sínú ọ̀sà Èkó, iyọ̀ rẹ̀ a sì dínkù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a ti omi tirẹ̀ gba ẹnu èbúté wọlé. Ọ̀sà Lẹ́kí, tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn sí, kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀. Nítorí náà, irin ọkọ̀ tí ó ń gbé ìhà ibẹ̀ lè pẹ́ ju ti ọkọ̀ tí ń ná ẹnu òkun lójoojúmọ́ lọ. Nínú omi iyọ̀, ẹni tí ó bá ti lo irin wọ̀nyí tó ọdún 5 kò gbọdọ̀ fọkàn tán wọn mọ́. Ràísà mìíràn kì í tilẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí wọ́n ní omi tútù tiwọn tí ń yí wọn ká nínú. Àwọn wọ̀nyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ràísà tiwọn náà ṣì ń bá omi iyọ̀ pàdé.

Nígbà tí ògiri inú bá lu, ọkọ̀ kì í rì, kì í sì í ké. Omi a máa kán díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà èéfín, a sì gba ẹnu fáàfù tí ó ṣí sílẹ̀ wọ inú sílíńdà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́kọ̀ a tẹ sítátà, ẹ́ńjìnì a yí díẹ̀, a sì dúró gbọn-in. Ọ̀pọ̀ a rò pé bátìrì ni. Wọn a lọ yá èyí tí ó lágbára jù ú lọ, wọn a sì tún tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ ni ìparun ti ń dé. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí písítìnnì bá forí sọ omi, ọ̀pá tí ó gbé e dúró a tẹ̀. Owó ràísà tí a kò fẹ́ san a wá di owó ẹ́ńjìnì. Bí sítátà bá dúró lọ́nà yìí, kí a kọ́kọ́ tú gbogbo plọ́ọ̀gì, kí a wò bóyá omi wà níbẹ̀.

Ewu èéfín tún wà, èyí sì ju ti owó lọ. Bí ojú ìsopọ̀ bá ń jò nínú yàrá ẹ́ńjìnì, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ni ń bá èéfín náà jáde, kò sì ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òun kan náà ni ó ti pa odindi ìdílé tí ó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn.

Àmì kì í ṣàìhàn sí ẹni tí ó bá ń wò ó: ìpáàrà pupa tí ń sun ní ojú ìsopọ̀, plọ́ọ̀gì tí ó dípáàrà, ọ́ìlì tí ó funfun bí ẹ̀kọ mímu. Ràísà apá ọ̀tún àti ti òsì kò gbọdọ̀ yàtọ̀ púpọ̀ ní gbígbóná. Èyí tí ó gbóná ju èkejì lọ jọjọ, ọ̀nà omi rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a fi ń wọn ooru láìfọwọ́ kan nǹkan, ó bá èyí tí a nà sí iwájú orí ènìyàn ní ọdún 2020 tan. Ṣùgbọ́n ti iwájú orí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí kò lè ka ooru irin.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sàn kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀. Bí ó bá wà lójú omi, kí a ti ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé pa. Kí a ṣí yàrá ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kí òórùn bẹntiróòlù jáde tán, kí a sì yọ wáyà bátìrì. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ni a ti ń rọ epo tí ń wọnú ìpáàrà sí ìdí gbogbo bóòtì, nítorí ibi bóòtì ni ọjọ́ ti ń lọ. Sùúrù ni a fi ń tú wọn: kí a tú u díẹ̀, kí a dá a padà, kí a tún tú u. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iná yọ́ bóòtì nínú ọkọ̀ tí bẹntiróòlù wà. Bí ọ̀kan bá kán sínú ara ẹ́ńjìnì, tí ọwọ́ ọlọ́kọ̀ kò sì mọ́ iṣẹ́ lílu irin, kí ó dúró níbẹ̀, kí ó pe mekáníìkì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Omi inú irin ni a kọ́kọ́ ń dà nù, a yọ rọ́bà, a yọ ràísà, lẹ́yìn náà ni mánífóòlù. Ó wúwo ju bí ó ti rí lójú lọ, ènìyàn méjì ni kí ó gbé e. Kí a fi àkísà dí ihò ara ẹ́ńjìnì kí eruku má baà bọ́ sínú rẹ̀, kí a fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha ojú rẹ̀ mọ́ títí gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kò fi ní kù lára rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé láti kó àkísà náà jáde.

Gáskẹ́ẹ̀tì titun ni a gbọ́dọ̀ lò, kí a sì fara balẹ̀ wo ihò ara rẹ̀. Òmíràn ní ihò kékeré tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe ìwọ̀n omi. Bí a bá fi èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, tàbí tí a yí i sódì, omi lè má kọjá mọ́, irin titun a sì jóná. Àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dè bóòtì lọ sí ìpẹ̀kun, kí gbogbo wọn kọ́kọ́ le díẹ̀, kí a tó fi sípánà tí ń ka agbára dè wọ́n dé ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnì náà sọ. Ẹ́ńjìnì onísílíńdà 8 ní irin wọ̀nyí ní apá méjèèjì. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ apá kan, tí ó fi èkejì sílẹ̀, owó rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ: ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í mu iyọ̀.

Omi gbọ́dọ̀ ti wà fún pọ́ǹpù kí a tó tan ẹ́ńjìnì. Kí a wo gbogbo ojú ìsopọ̀ nígbà tí ó bá ń gbóná, kí a sì tún yẹ bóòtì wò nígbà tí ó bá ti tutù. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ọkọ̀ bá ti ti omi iyọ̀ dé, kí a fi omi kànga ṣan inú ẹ́ńjìnì nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti irin tí a yọ, kí a fi òòlù fọ́ ọ kí a tó tà á fún àwọn oníirin àlòkù. Àwọn kan wà tí wọ́n lè kùn ún ní ọ̀dà, kí wọ́n sì tà á fún ọlọ́kọ̀ mìíràn bí ojúlówó.