Lẹ́tà Márùn-ún Tí Yorùbá Kò Lò

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, Olúpọ̀nnà)

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé bí ẹlòmíràn bá ti gbọ́ kọ̀ǹpútà báyìí, oorun ni yóò máa kùn ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn. Orúkọ yín gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ẹ ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ wa ti ń kó ìwé orúkọ wa sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ ẹni tó jáde, ọdún tó jáde, ibi tó wà báyìí, àti orúkọ àwọn tó ti ṣaláìsí láàárín wa. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí á tẹ gbogbo rẹ̀ láìsí àmì kankan kí iṣẹ́ lè yá. Mo gbọ́ wọn lágbọ̀ọ́yé o. Iṣẹ́ náà pọ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bọ́tìnnì tó ní àmì lábẹ́ kò sì sí lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn, n óò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ mú orúkọ kan péré: Òjó. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò, ó di Ojo. Ó kù sí ọwọ́ ẹni tó ń kà á: ṣé Òjó ni, àbí òjò tó ń rọ̀, àbí ojo tó ń sá fún ìjà? Ẹni tó mọ bàbá náà yóò mọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tó ń wá orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ nínú ìwé wa, níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n? Bí aláwọ̀ funfun ṣe ń pè é ni òun náà yóò máa pè é.

Ìjà àmì yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, òun sì ni bàbá iṣẹ́ tí èmi ń jẹ lónìí. Ní 1875, wọ́n pe ìpàdé ní Èkó nítorí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀, ó sì di 1974 kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ẹ̀yin olùkọ́ wa fi kọ́ wa. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń fi taipuráítà tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá, tí ẹ óò wá mú bírò, tí ẹ óò máa to àmì sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ máa ń ro yín, ṣùgbọ́n ẹ kò pa á tì.

Ẹni tó bá rò pé kọ̀ǹpútà dé, ìyà tán, kò tíì jẹ ẹ́ ni. Nígbà kan, àwọn atẹ̀wé máa ń lo fọ́ǹtì àdáṣe, tí wọ́n á fi ọ pamọ́ sábẹ́ àmì mìíràn. Bí ẹ bá gbé fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì náà, jágbajàgba ni ẹ ó bá níbẹ̀. Unicode ló wá tún un ṣe, ìyẹn ìlànà tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ọdún 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí sílẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà. Unicode ní nọ́ńbà kan fún ọ, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́. Ẹ óò ní láti so ó pọ̀, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ló sì wà. Ẹ lè tẹ o, kí ẹ fi àmì sí i nísàlẹ̀, kí ẹ tún fi sí i lókè. Ẹ lè mú ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi àmì òkè lé e. Ẹ sì lè mú ó, kí ẹ wá fi àmì ìsàlẹ̀ há a lábẹ́. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí akọ̀wé bá tẹ Adébáyọ̀ lọ́nà kìíní, tí akápò wá ń wá Adébáyọ̀ lọ́nà kejì, ẹ̀rọ lè sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Àbí kí ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó ní Adébáyọ̀ kan san owó, Adébáyọ̀ kejì jẹ gbèsè! Ìjà dé nìyẹn.

Àwọn kan ti ṣiṣẹ́ ribiribi lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó dé ibẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀, African Languages Technology Initiative, ní Ìbàdàn, ti ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ará YorubaName.com náà ti gbé ti wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Iroro Orife àtàwọn mìíràn sì ti kọ́ ẹ̀rọ láti máa dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ tí kò ní in. Orife tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní 2018. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n àbá ni ẹ̀rọ ń dá. Nínú gbólóhùn, àbá lè bọ́ sí i, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ràn án lọ́wọ́. Kí ni yóò ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ nínú ìwé orúkọ lásán?

Ohun tí èmi ṣe kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Mo kàn jókòó, mo ń wo kíbọ́ọ̀dù ni. Yorùbá kò lo c, kò lo q, kò lo v, kò lo x, kò lo z. Lẹ́tà márùn-ún jókòó síbẹ̀ láìníṣẹ́. Kí ló sì kù fún wa? Ẹ, ọ, ṣ, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Márùn-ún náà ni! Mo bá gbà wọ́n síṣẹ́: q di ẹ, x di ọ, c di ṣ, v di àmì ìsàlẹ̀, z di àmì òkè. Ohùn àárín kò gba àmì, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kọ orúkọ ìlú yìí, Oluzpxvnnav ni n óò tẹ̀. Ìwó á di Ivwoz. Ọkọ ìyàwó ni xkx, ọkọ̀ tó gbé yín wá ni xkxv, ọkọ́ tí bàbá wa fi ń roko ni xkxz. Ojú kò kọ́kọ́ gbà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń tètè mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku ẹni tí yóò yí i padà. Àwọn tó ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ní editọ̀ tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Èyí tí mo lò ni Visual Studio Code ti Microsoft. Wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní 2015, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó gbà kí èèyàn ṣe àfikún fún un, bí ìgbà tí ẹ ra kẹ̀kẹ́ tí ẹ wá ní kí wẹ́dà bá yín jó káríà mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tiyín rèé, ẹ mú gègé. Ẹ óò fi Node.js sórí laptop yín, pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Yeoman. Ẹ óò wá tẹ yo code. Kí n tó gbàgbé, yo yìí náà ni lẹ́tà méjì tí ìlànà ISO 639-1 fi ń dá èdè Yorùbá mọ̀ káàkiri àgbáyé. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ yóò bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Ẹ mú JavaScript, ẹ fún àfikún yín lórúkọ. Yóò kó fódà kan fún yín. Fáìlì méjì péré ni kí ẹ kọjú sí níbẹ̀. Nínú package.json, ẹ óò kọ orúkọ àṣẹ yín sábẹ́ commands. Nínú extension.js, ẹ óò kọ ohun tí àṣẹ náà yóò ṣe. Orúkọ àṣẹ gbọ́dọ̀ bára mu nínú méjèèjì. Bí kò bá bára mu, ẹ óò pè é títí, kò ní dáhùn.

Gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ju èyí lọ:

t.replace(/q/g, "ẹ").replace(/x/g, "ọ").replace(/c/g, "ṣ").replace(/v/g, "\u0300").replace(/z/g, "\u0301").normalize("NFC")

Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà ńlá Q, X àti C. Normalize tó wà lẹ́yìn yẹn ni ọba wọn. Òun ló ń kó ọ̀nà mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan di ọ̀nà kan ṣoṣo, kí Adébáyọ̀ má baà di méjì. Kìkì ohun tí kò lè tún ṣe ni ìlà ìdúró tí àwọn kan máa ń fà sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tótó. Unicode ka ìyẹn sí ohun mìíràn, ẹ óò ní láti fi ọwọ́ ara yín kọ replace tirẹ̀.

Ẹ tẹ F5, editọ̀ kejì yóò ṣí, ẹ dán an wò níbẹ̀. Ẹ fi màósì yan orúkọ tí ẹ tẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti P pọ̀, ẹ pe àṣẹ yín. Wàá! Odidi ojú ìwé á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Níbi tí mo ti ń yọ̀ ni mo ti kan Abdul-Azeez. Ẹ̀rọ sọ ọ́ di Abdul-Áeé. Crowther fúnra rẹ̀ di Ṣrowther, bàbá tó kọ wá ní ABD! Ní agbègbè Ìwó yìí, ta ni yóò ṣe ìwé orúkọ láìsí Azeez? Mo bá fi òfin kan sí i: ọ̀rọ̀ tó bá ní àmì ^ níwájú, kí àfikún yọ àmì náà, kí ó má fọwọ́ kan ìyókù.

Bí ó bá ti pé, ẹ tẹ vsce package. Yóò kọ́kọ́ bá yín jà pé ẹ kò kọ README, ẹ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà á dì í sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .vsix. Fáìlì yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ lè fi fláàṣì gbé e láti orí laptop kan dé òmíràn láìra dátà, kí ẹ sì yan Install from VSIX. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa báyìí. Ẹni tó bá gbé laptop wá, kó lọ gbà á.

Ṣùgbọ́n àfikún yìí kò mọ ohùn o. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Orúkọ àwọn sẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ jáde ló ń dà mí láàmú jù, nítorí láìsí àmì ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́, àwọn tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn orúkọ náà ń dín kù lọ́dọọdún. Mo ti tẹ orúkọ wọn sórí pépà ńlá, mo fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, pẹ́ńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin àgbà sẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó lọ jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí orúkọ tiyín, kí ẹ sì fi sí ti àwọn tó ti lọ tí ẹ mọ̀.