Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Fi Sílẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Sango-Ọ̀tà sọ níbi ìpàdépọ̀ wa)

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Sípánà láti kíláàsì kejì, ẹ ò jẹ̀bi. Iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń ṣe. Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ni mo mú wá, nítorí gbèsè kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ san lójú yín.

Láyé Peugeot 504 àti Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná àti Èkó lọ́dún 1975, bẹ́líìtì tó rí bíi lẹ́tà V la mọ̀. Èyí tó gùn, tó ń lọ́ bí ejò láàárín àwọn púlì, Ford Mustang ọdún 1979 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ òde òní, òun nìkan ló ń yí alternator, pọ́ǹpù omi, pọ́ǹpù stẹ́árìn àti AC. Bó bá já, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa gbé ọkọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ wọn obìnrin ń rọbí l'Ábẹ́òkúta. Mo pààrọ̀ alternator, mo sáré dá bẹ́líìtì padà, mo ní, "Sà, ó ti parí." Mi ò mọ̀ pé ìlà kan ti yọ síta lórí púlì. Wọ́n kọjá Ifọ̀, bẹ́líìtì ya. Iná bátìrì tàn, stẹ́árìn le bí òkúta, omi hó, top gasket jó. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wọn dé ibẹ̀. Wọ́n ti bímọ kí wọ́n tó dé. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ wọ́n, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ṣé o yẹ iṣẹ́ rẹ wò kó o tó fi sílẹ̀?" Ohun tí wọ́n máa ń fi báírò pupa kọ sínú ìwé wa nìyẹn! Ó dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó tutù. Kí ẹ tó tú bẹ́líìtì, ẹ ya ọ̀nà tó gbà sórí ìwé. Nígbà mìíràn àwòrán rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi tuntun wé àtijọ́: iye ìlà àti gígùn. Ẹ fọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ń dún. Láti púlì ńlá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú tó ní ìlà, púlì tó ní ìlà ló ni ín. Ẹ̀yìn tó ń dán, púlì tó ń dán ló ni ín. Bí ẹ bá gbà á sódì, pọ́ǹpù omi lè máa yí sẹ́yìn, ẹ́ńjìnì á sì gbóná. Ẹ fi sípánà fa tẹ́ńṣánà, ìyẹn apá onísípíríǹgì tó ń mú bẹ́líìtì le, ẹ ki bẹ́líìtì sórí púlì tó kù, kí ẹ rọra dá a padà. Ẹ má ki ìka sáàárín o! Ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wo púlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún un wò.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí iná bátìrì bá tàn tí stẹ́árìn sì le, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé, "Jẹ́ kí n ṣáà dé Tollgate."

Mo ti san owó gasket. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò tíì san. Ọmọ tí wọ́n bí lálẹ́ ọjọ́ náà ti ń lọ sílé ìwé. Bàbá àgbà rẹ̀ ló jókòó sí ìlà iwájú yẹn. Sà, ẹ dárí jì mí. Ọkọ̀ yín tó wà níta, mo tún bẹ́líìtì rẹ̀ dì láàárọ̀ yìí. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́ẹ̀mejì.