Abẹ ayùn irin tí ń bàjẹ́: ẹ jẹ́ kí a ka nọ́ńbà rẹ̀

Lónìí a kò ní sọ̀rọ̀ oko. Ọ̀rọ̀ ayùn tí ń gé irin ni a ó sọ.

Mo dé ilé iṣẹ́ kan ní Sokodé, níbi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀. Wọ́n ní ayùn tí iná ń yí. Abẹ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. A jó orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdí, ó sì ń yí lára kẹ̀kẹ́ méjì bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo. Ọmọ iṣẹ́ kan dúró síbẹ̀, ọmọ Kambolé ni, ojú rẹ̀ pọ́n. Abẹ 3 ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá ní bàbá rẹ̀ ni yóò san án. Owó wo ni bàbá ní? Owó iṣu tí ó ń tọ́jú de ọjọ́ tí ọmọ yóò gba òmìnira iṣẹ́.

Mo bi ọmọ náà pé: “Nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sára abẹ yìí?”

Ó ní: “Olùkọ́, èmi kò mọ̀ pé wọ́n kọ nǹkan sí i.”

Mo nu epo kúrò. 6 ni wọ́n kọ. Ìyẹn ni pé eyín 6 ni ó wà nínú ínǹṣì 1. Ínǹṣì 1 jẹ́ mìlímítà 25 àti díẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà 6. Láti eyín kan dé èkejì ju mìlímítà 4 lọ. Páìpù tí ó ń gé ńkọ́? Ara rẹ̀ kò nípọn ju mìlímítà 2 lọ. Ẹ rí i? Irin náà bọ́ sí àárín eyín méjì. Eyín tí ń bọ̀ lẹ́yìn fi orí sọ ọ́, ó kán. Èkejì tẹ̀ lé e.

Ó kéré tán, kí eyín 3 máa wà lórí irin lẹ́ẹ̀kan náà. Irin fẹ́lẹ́ ń fẹ́ eyín wẹ́wẹ́ tí ó súnmọ́ra. Irin tí ó nípọn ń fẹ́ eyín ńlá, kí ẹ̀rún irin lè rí ààyè jáde. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà méjì, bíi 10/14, eyín rẹ̀ kò jìnnà síra bákan náà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí abẹ má baà máa gbọ̀n.

Ọ̀gá náà ka nọ́ńbà yìí pẹ̀lú wa. Ó dákẹ́. Kò béèrè owó mọ́. Àìmọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bàbá ọmọ náà di ajigbèsè.

Bí abẹ bá já pátápátá ńkọ́? Ẹ wo ibi tí ó ti já. Bí ó bá jẹ́ ojú ibi tí a ti jó o pọ̀ ni, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ mọ ìdí rẹ̀. Irin pupa tí a tì bọ omi a máa le, ṣùgbọ́n a máa ṣẹ́. Ojú ibi tí a jó pọ̀ náà a máa le bẹ́ẹ̀. Ẹ tún fi iná yá a díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rọra tutù fúnra rẹ̀. (Àwọn ará Bassar ti ń yọ irin nínú òkúta kí irin Òyìnbó tó dé. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa.) Bí ó bá já níbòmíràn, bóyá ẹ fà á le jù, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ha etí kẹ̀kẹ́.

Bí ó bá ń gé wọ́, abẹ ti dẹ̀, tàbí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí apá tí ń tọ́ abẹ jìnnà sí irin. Ẹ sún un mọ́ irin.

Abẹ tuntun, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ má sì fi sínú ojú tí abẹ àtijọ́ ti gé, yóò há. Ẹ yí irin padà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ máa wo ẹ̀rún irin. Bí ó bá ká bí irun orí, ó dára. Bí ó bá kúnná bí ìyẹ̀fun, ẹ kò tẹ̀ ẹ́ tó, tàbí abẹ ti kú. Bí ó bá jóná, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ dẹwọ́.

Kí ẹ tó pààrọ̀ abẹ, ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri ná.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹni tí ó ní abẹ tí ó ti bàjẹ́ mú un wá. A ó jọ ka nọ́ńbà rẹ̀, a ó sì ka eyín rẹ̀.