Ẹran Tí Wọ́n Gé Dà?

Èmi kì í ṣe dókítà, ìwé ìròyìn ni mò ń kọ. Ohun tí mo béèrè, tí wọ́n sì là yé mi, ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀kan nínú wa yàgbẹ́ gbuuru fún ọdún mẹ́ta. Ojú rẹ̀ a máa gbóná lójijì. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí ó mu kò lóǹkà. Ilé ìwòsàn kan gé kókó nínú ìfun rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ nù. Nígbà tí a dé Ìbàdàn, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ẹran tí wọ́n gé dà?" Ẹnu wa wọhò.

Yóò tètè yé ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà. Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọra tí ìyá wọn á fi ṣì wọ́n pè, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni kókó tí wọ́n ń pè ní neuroendocrine, tó ń hù lára sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́mónù. Dókítà patọ́lọ́jì á yẹ ẹran náà wò, á ka Ki-67 rẹ̀, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pín. Bí kò bá tó 3 nínú 100, ó ń rọra dàgbà ni. Láti 3 dé 20, ó wà láàárín. Bó bá ju 20 lọ, eré ló ń sá. Oògùn tó bá eléré mu lè fìyà jẹ onísùúrù lásán.

Fọ́tò ló kù. Ọ̀pọ̀ kókó yìí ní ibi tí họ́mónù somatostatin ń lẹ̀ mọ́. Wọ́n á so gallium-68 onítànṣán mọ́ oògùn tó jọ họ́mónù yẹn, ẹ̀rọ PET á sì fi ibi tí kókó sá pamọ́ sí hàn. Bó bá tàn dáadáa, wọ́n lè fi lutetium-177 rọ́pò gallium, kó lọ jó o níbẹ̀. Ọdún 2018 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú yìí. Bí kò bá tàn, owó ṣòfò nìyẹn. UCH bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka nuclear medicine ní 2006, ṣùgbọ́n ti PET yìí ṣì jìnnà sí tálákà. Ti ẹran kò jìnnà! Ẹ ní kí wọ́n kó o sínú formalin, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Ìbàràpá; ẹ má tijú láti bi wọ́n léèrè.

Wọ́n tún ẹran mìíràn gé lára ẹnìkejì wa. Ki-67 rẹ̀ jẹ́ 2. Abẹ́rẹ́ olóṣooṣù ló ń gbà báyìí. Òun ló ní kí n sọ ọ́. Ó wà níbí lónìí, ó ń bá àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa jà. Ẹ má wẹ̀yìn o!