Hítà Nínú Yàrá Ọmọ Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ẹ̀rọ oníná tí ń mú yàrá gbóná, èyí tí gbogbo wa ń pè ní hítà. Bí a bá bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nígbà ọyẹ́, òun ni ọ̀pọ̀ bàbá ọmọ kọ́kọ́ ń sáré lọ rà lọ́jà tòkúnbọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ bí a ti ń lò ó.

Ọmọ tuntun kì í lè gbọ̀n bí àgbàlagbà kí ara rẹ̀ lè móoru. Ooru ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín dígírì 36.5 àti 37.5. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara ọmọ á rọ, kò sì ní lè fa ọmú dáadáa. Ọmọ tí kò tó kílò 2.5 ni èyí máa ń tètè bá. Yàrá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù ju dígírì 25 lọ. Ọ̀pọ̀ òru nílẹ̀ wa ló gbóná tó bẹ́ẹ̀ láìlo ẹ̀rọ kankan. Òru ọyẹ́ ní Ṣakí kò rí bẹ́ẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní Jos.

Yàrá ni kí hítà mú gbóná, kì í ṣe ọmọ. Ẹ má ṣe dojú rẹ̀ kọ ọmọ. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó jìnnà tó mítà 1, ó kéré tán, sí ibùsùn, sí aṣọ ojú fèrèsé, àti pàápàá sí àpò ẹ̀fọn, nítorí àpò ẹ̀fọn a máa tètè gbiná. Ẹ má ṣe sá ìlédìí sórí rẹ̀. Ẹ tàn án kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì pa á nígbà tí oorun bá fẹ́ gbé yín lọ. Ẹ fi ọwọ́ kan àyà tàbí ẹ̀yìn ọmọ: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè tutù díẹ̀ láìsí ewu, ṣùgbọ́n àyà kò gbọdọ̀ tutù. Bí ara rẹ̀ bá gbóná jù, tí ó ń mí kíákíá, ẹ pa hítà, kí ẹ sì bọ́ lára aṣọ rẹ̀.

Hítà tó jẹ́ wáàtì 2000 ń fa iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpíà 9. Nítorí náà, ara ògiri ni kí ẹ ti kì í bọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lára wáyà tí fíríìjì àti fáànù ti so mọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ fọwọ́ kan orí wáyà rẹ̀. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò léwu. Bí ó bá ń jóni lọ́wọ́, ẹ pa á, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Bí hítà kò bá tàn, ẹ kọ́kọ́ fi ohun mìíràn dán sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò, kí ẹ wo fíúsì, kí ẹ sì wò ó bóyá ó dúró gbọọrọ, nítorí òmíràn kì í ṣiṣẹ́ bí ó bá fì. Bí ó bá gbóná jù tí ó pa ara rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ nu eruku ojú rẹ̀. Òórùn eruku nígbà àkọ́kọ́ tí a tàn án lọ́dún kì í ṣe nǹkan. Òórùn ike tí ń jó ni kí ẹ sá fún. Bí iná bá sì lọ sílẹ̀ dé ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ooru rẹ̀ ló kù, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ti Amẹ́ríkà tí a kọ 120 sí lára ńkọ́? Bí ẹ bá kì í bọ iná wa tó jẹ́ 230, ooru rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin, yóò sì jóná. Ẹ má rà á rárá.

Iná á lọ, gbogbo wa la mọ̀. Ibí yìí gan-an ni ọmọ ti ń kú. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n gbé ìkòkò èédú wọlé, pé òun náà ni wọ́n fi tọ́ yín. Ẹ má ṣe gbà, tìtẹríba-tìtẹríba. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ojú kò sì rí i. Ó lè pa ìyá àti ọmọ lójú oorun. Bákan náà ni ti jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé.

Àyà yín ni kí ẹ lò. Ní 1978, ní Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà, Dókítà Edgar Rey bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé lé àyà ìyá wọn, nítorí ẹ̀rọ amọ́mọmóoru kò tó. Ó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń dámọ̀ràn rẹ̀ káàkiri. Ẹ bọ́ aṣọ ọmọ, kí ó ku ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Ẹ gbé e sáàárín ọmú yín, ara sí ara, kí ẹ yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè mí, kí ẹ sì fi ìró gbá a mọ́ra. Bí ó ti ya ìyá, kí bàbá gbà á. Àyà ọkùnrin náà móoru.

Bí ó bá tó wákàtí kan tí àyà ọmọ ṣì tutù, tàbí tí kò fa ọmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà, kí ó wà láyà yín títí ẹ ó fi débẹ̀.